Kí wọ́n tó gé kíndìnrín bàbá, ẹ béèrè ẹni tí yóò gbé e lọ sí láàbù

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú wàhálà. Ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, pé síkáànù ọkọ yín ní Abẹ́òkúta fi hàn pé jẹjẹrẹ kíndìnrín ti tàn dé ẹ̀dọ̀fóró, pé dókítà fẹ́ gé kíndìnrín náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pariwo Índíà, tẹ́yin náà sì ń rò ó bóyá kẹ́ ẹ gbé e wá sí Leeds, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, mo wá gbé fóònù sílẹ̀ ná. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Manchester níbí lèmi náà wà, tí mò ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ pe Ìbàdàn, tí bàbá àwọn ọmọ mi ń tọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Leeds kúrò nílẹ̀. Físà àbẹ̀wò kò sọ èèyàn di ẹni tí NHS, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba níbí, máa tọ́jú jẹjẹrẹ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ìtọ́jú kan bá jẹ́ £100, £150 ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ àlejò ní England níbí. Tí gbèsè ọsibítù bá sì tó £500 tí ẹ ò san, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ fi físà dù ú lọ́jọ́ mìíràn. Físà kan wà lóòótọ́ fún ẹni tó fẹ́ fowó ara rẹ̀ gba ìtọ́jú, ẹ lè wò ó. Ẹ má kàn gbé e wá bí ẹni wá kí ọmọ o.

Nípa iṣẹ́ abẹ, ìbéèrè kan ni kẹ́ ẹ bi dókítà yín: kí lẹ fẹ́ kó ṣe fún un? Tí jẹjẹrẹ bá ti jáde kúrò nínú kíndìnrín, gígé kíndìnrín nìkan kò lè kó o tán. Tẹ́lẹ̀, gígé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní CARMENA, tó jáde lọ́dún 2018, pín aláìsàn 450 sọ́nà méjì: wọ́n gé tàwọn kan kí wọ́n tó fún wọn ní oògùn jẹjẹrẹ kan tó ń jẹ́ sunitinib, wọ́n fún àwọn yòókù ní sunitinib láì gé nǹkan kan. Àwọn tí wọn ò gé tiwọn kò ṣáájú àwọn tí wọ́n gé tiwọn kú. Ìyẹn ò wá sọ gígé di èèwọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le, tí ibi tó tàn dé kò pọ̀, wọ́n ṣì lè gé tiẹ̀, àtẹni tí ìrora tàbí ẹ̀jẹ̀ ò jẹ́ kó rímú mí. Tiwa, ẹ̀jẹ̀ ni. Páìntì mẹ́ta ni wọ́n fà sí i lára lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n gé e, ẹ̀jẹ̀ dá, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ dòní.

Ike kọ́sítáàdì ni mo kábàámọ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó ní kí àbúrò ọkọ mi lọ wá ike wá. Ọmọ náà sáré dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì, ó ra ike kọ́sítáàdì òfìfo. Wọ́n ju odindi kíndìnrín sínú rẹ̀, wọ́n da omi dírípù lé e, wọ́n ní kó máa gbé e lọ sí láàbù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ fọ́málìn, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́ kó tó dé láàbù. Ó dé láàbù, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ó di Ọjọ́ Ajé. Kí ni ọmọlúàbí máa ṣe? Ó gbé e lọ sílé, ó tì í sínú fírísà ìyá ọkọ mi, lábẹ́ ẹja ṣáwá. Kò jẹ́ kí màmá mọ̀ títí dòní.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì jáde: jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ẹran náà ti bàjẹ́, wọn ò lè sọ irú èyí tó jẹ́. Irú èyí tó jẹ́ yẹn sì lohun tí gbogbo oògùn dúró lé! Èyí tí wọ́n ń pè ní clear cell ló wọ́pọ̀ jù, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin, òun sì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn oògùn tuntun. Mo pe ilé ìwòsàn náà. Wọ́n ní kí n pe àwọn onífáìlì. Àwọn onífáìlì ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ síbi òkú ní Ìjẹ̀bú. Nígbà tí mo wá rí ọ̀gá kan bá sọ̀rọ̀, ó ní, "Màdámù, ẹbí yín fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á." Ó fọwọ́ sí i lóòótọ́. Wọ́n gbé bírò fún ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé ó máa ní òun ò fọwọ́ sí i ni? Àfìgbà tí wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ gígùn gba ẹran lára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje lọ, owó oṣù méjì mi náà lọ.

Torí náà, kí wọ́n tó gé e, ẹ ní kí fọ́málìn ti wà nílẹ̀, èyí tí wọ́n pò sí 10%, kó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà, nínú ike ńlá ẹlẹ́nu fífẹ̀. Kí oníṣẹ́ abẹ la kíndìnrín náà kí fọ́málìn lè wọ inú. Kí orúkọ bàbá wà lára ike, kì í ṣe lórí ìdérí nìkan. Kó má rí fírísà láéláé. Tí èsì bá jáde, ẹ má gba ìwé nìkan, ẹ béèrè búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ègé ẹran náà tí wọ́n fi sínú ìda. Òun ni Índíà, òun ni Leeds, òun ni gbogbo ayé máa béèrè. Kí síkáànù náà wà lórí CD.

Ti Índíà, búlọ́ọ̀kù kejì, ti ẹran ẹ̀dọ̀fóró yẹn, la fi rán ẹnì kan tó ń lọ. Oògùn tí dókítà wa ní Ìbàdàn kọ náà ni wọ́n kọ níbẹ̀. A ò lọ mọ́. Tẹ́yin bá máa lọ, ẹ rántí pé káàdì ìbà pọ́njú kì í ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí dókítà sì kọ́kọ́ sọ bóyá ara bàbá gba abẹ́rẹ́ náà.

Ní ilẹ̀ Òyìnbó, nivolumab pẹ̀lú ipilimumab, oògùn méjì tó ń ran agbára ara lọ́wọ́ láti bá jẹjẹrẹ jà, wà lára ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ojú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, ó wọ́n bí ojú, inú fíríìjì tí tútù rẹ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C ló sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹ̀yin náà mọ iná tiwa. Ẹ má rà á sínú báàgì fún ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn tó máa fà á sí i lára ni kó wá a. Ẹ sì ṣírò owó oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ tó san ti oṣù kan. Sunitinib la mú, oníhóró ni, 50 mg lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ẹnu rẹ̀ yún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru sílé. Kímò (chemotherapy) tí wọ́n ń fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ti kíndìnrín. Ẹni tó bá ní àfi kímò, ẹ ní kó ṣàlàyé. Àgbo wọn náà, ẹ bá mi gbé e jìnnà sí oògùn yìí. Tí ìrora bá wà, ẹ ní kí wọ́n kọ mọfíìnì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú olóògùn líle wò yín.

Bàbá wọn ṣì wà o. Oògùn kejì ló ń lò báyìí, ó ti rù, àmọ́ tí 3SC bá gbá bọ́ọ̀lù ní Adámásìngbà, ó máa lọ, ó máa bú kóòṣì wọn kó tó padà sílé. Ẹ pe dókítà yín ní Abẹ́òkúta lónìí, ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò gbé kíndìnrín náà lọ sí láàbù. Tó bá ní "àwọn ẹbí ni", ẹ yára kọ̀wé sí mi kó tó di Ọjọ́ Ẹtì.