Gírìlì oníná tó jóná: bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́ kí awọ rẹ̀ má bàa bó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní gírìlì oníná kékeré kan, irú èyí tó ń gbé orí tábìlì, tí ìdérí rẹ̀ ń pa dé lé oúnjẹ. Mo fi yan ẹran tí mo ti fi oyin pa lára, mo sì gbàgbé rẹ̀ síná. Nǹkan dúdú kan ti gan mọ́ ọn báyìí, ó sì pọ̀ jù láàárín àwọn ilà ojú rẹ̀. Mo ti fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí, kò ṣí. Tí mo bá tàn án, èéfín ló ń rú. Ẹnìkan ní kí n fi ọ̀bẹ ha á, ẹlòmíràn ní kí n rì í sómi gbígbóná di òwúrọ̀. Àwo rẹ̀ kò ṣeé yọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ẹ má sì rì í sómi. Títún ẹ̀rọ ilé ìdáná ṣe ni iṣẹ́ mi. Ọ̀pọ̀ gírìlì tí wọ́n ń gbé wá bá mi, fífọ̀ ló bà wọ́n jẹ́, kì í ṣe jíjóná.

Wáyà tó ń gbóná wà lábẹ́ àwo yẹn gan-an. Òmíràn tún gba ibi hínjì kọjá lọ sínú ìdérí òkè. Omi tó bá wọ ibẹ̀ kì í tètè jáde. Ẹ lè rò pé ó ti gbẹ, kó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni iná máa já, tàbí kí iná gbé yín.

Ní ti ọ̀bẹ, àlùmíníọ̀mù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo yìí. Wọ́n wá fi awọ dúdú kan bò ó lójú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Teflon, kí oúnjẹ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Awọ yẹn fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Ibi tí ọ̀bẹ tàbí wáyà ìfọkòkò bá ti ha á, ibẹ̀ náà ni oúnjẹ máa kọ́kọ́ gan mọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ìdí tí ọṣẹ yín kò fi ràn án nìyí: epo tí kò tíì jóná ni ọṣẹ lè ká. Èyí tí iná bá ti mú pẹ́ á so mọ́ra, á le koko bí ọ̀dà tó gbẹ sára ògiri. Ṣúgà inú oyin náà ti di èédú. Agbára apá kò lè ṣí i láì ba awọ jẹ́. Ooru àti omi díẹ̀ ló máa rọ̀ ọ́, ẹ kàn máa ní sùúrù.

Ẹ tan gírìlì náà fún bí ìṣẹ́jú 3, kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wá gbé ìdí wáyà rẹ̀ jìnnà sómi. Ẹ mú aṣọ tó nípọn méjì, ẹ rì í sínú omi gbígbóná tí ẹ ti po ọṣẹ ìfọwo sí, ẹ fún un dáadáa tí kò fi ní máa kán. Ẹ tẹ́ ẹ lé àwo ìsàlẹ̀, ẹ pa ìdérí dé lé e lórí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Àwọn kan máa ń tan iná nígbà tí aṣọ tútù ṣì wà nínú rẹ̀. Èmi kì í gbà á láyè rárá, torí omi àti iná kò gbọdọ̀ pàdé níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ṣí i, ojú aṣọ á ti di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ ó sì rí i pé etí èérí náà ti ń ká sókè díẹ̀díẹ̀ kúrò lójú àwo. Etí yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi síbí onígi tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ tì í lọ, kí ẹ máa tẹ̀lé ilà, ẹ má dábùú rẹ̀. Èyí tó bá yọ, ẹ nù ún kúrò. Èyí tí kò bá yọ, ẹ má bá a jà, ẹ tún aṣọ gbígbóná tẹ́ lé e. Tó bá jẹ́ oyin ló jóná, ẹ lè ṣe é ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ibi tó bá ṣì le, ẹ po békìǹ-sódà síbí 3 mọ́ omi síbí 1, kó ki. Ẹ fi pa á, ẹ fi aṣọ tútù bò ó kó má bàa gbẹ, kó sì wà níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀, torí ibi tí awọ bá ti bó, ó lè mú kí àlùmíníọ̀mù dúdú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ àárín àwọn ilà, ẹ wá fi aṣọ tútù nù ún léraléra títí funfun rẹ̀ á fi tán. Ẹ má da fínígà pọ̀ mọ́ ọn. Híhó tó máa ń hó yẹn ń tan èèyàn jẹ, ṣe ni àwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn.

Kẹ́míkà líle tí wọ́n fi ń fọ inú ààrò, ẹ má gbé e súnmọ́ ibẹ̀ rárá. Sodium hydroxide ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ àlùmíníọ̀mù.

Ní ti etí àwo àti ibi hínjì, owú orí igi tí a fi ń ro etí tó, kí ẹ kàn fi omi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Àwo kékeré tó ń gba epo nísàlẹ̀ ṣeé yọ ní tirẹ̀, ẹ lè fọ ìyẹn bí abọ́.

Ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún ni kí ẹ tan gírìlì lófìfo kí èérí lè jó dànù. Tí Teflon bá gbóná ju 260°C lọ, ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Èéfín rẹ̀ máa ń pa ẹyẹ tí èèyàn ń sìn nínú ilé, ó sì lè mú kí ara ènìyàn máa gbóná, kó máa ṣe òtútù. Ẹ̀yin tí èéfín ti ń rú lọ́dọ̀ yín, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì tàn án ju ìṣẹ́jú 3 tí mo sọ yẹn lọ kí ẹ tó fọ̀ ọ́ tán.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ ṣí i sílẹ̀ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ lè jáde nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tàn án, kò burú. Tó bá jẹ́ òórùn ike tó ń jó ni ẹ gbọ́, ẹ yọ ọ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Lọ́jọ́ iwájú, ẹ fi oyin tàbí ọbẹ̀ dídùn pa ẹran nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Epo inú agolo tí wọ́n ń fọ́n jáde bí afẹ́fẹ́, ẹ má fi sójú àwo, torí nǹkan míì tí wọ́n pò mọ́ ọn máa ń gan bíi gọ́ọ̀mù.

Tó bá wá ku àbàwọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò lọ, ẹ fi ìka yín fọwọ́ kàn án. Tí ojú rẹ̀ bá dán, tí kò ha yín lọ́wọ́, àwọ̀ lásán ni, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Tí awọ bá ti ń ṣí bí ìpẹ́, ẹ má ṣe yan oúnjẹ lórí rẹ̀ mọ́.