Ṣé lóòótọ́ ni pé labalábá Dakota skipper ń lo bí ọdún kan kó tó fò?

Bẹ́ẹ̀ ni o, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún yẹn ni kì í ní ìyẹ́ rárá. Pápá koríko North Dakota, South Dakota, Minnesota, títí dé Manitoba àti Saskatchewan ní Kánádà ló ń gbé, ó kéré gan-an, tó bá na ìyẹ́ ẹ̀ tán kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ.

Oṣù kẹfà sí oṣù keje lẹ máa rí i tó ń fò, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré ló fi ń jayé, á máa fa omi dídùn inú òdòdó, á yé ẹyin, ó parí. Tí ẹyin bá pa, kòkòrò tó jáde á sọ̀ kalẹ̀ sídìí koríko, á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹnu ẹ̀ jáde so ewé pọ̀ ṣe ilé kékeré (ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù), á fara pamọ́ síbẹ̀ lọ́sàn-án, tílẹ̀ bá ṣú á yọ jáde wá jẹun. Ibẹ̀ náà ló máa wà tí yìnyín á fi bò ó mọ́lẹ̀, ìgbà tí òtútù bá lọ ló tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko padà.

Wọ́n ti sọ ọ̀pọ̀ pápá yẹn di oko, kò sí i mọ́ ní Iowa àti Illinois, lọ́dún 2014 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi í sára àwọn ẹranko tó wà nínú ewu.