Ohun tí àwa tí à ń gbé iṣẹ́ wá ń wá lọ́wọ́ atẹ̀wé

Àbúrò, o ní o ti ra ẹ̀rọ, o ti gba ṣọ́ọ̀bù ní Adó-Èkìtì, iye tí ò ń gbà kò sì wọ́n, síbẹ̀ àwọn ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ ń gbé iṣẹ́ ńlá kọjá lọ sí Ìbàdàn àti Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó. O wá béèrè ohun tí à ń wá gan-an. Èmi wà lára àwọn tó ń gbé e kọjá. Ọwọ́ mi ni ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìjọ àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Owó kọ́ ló ṣáájú. Atẹ̀wé tí yóò sọ ìṣòro fún mi nígbà tó ṣì ṣe é tún ṣe ni mò ń wá. Wo ìwé ètò ìsìnkú. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀pọ̀ ìsìnkú níbí, àwọn ọmọ olóògbé á ti òkè òkun dé. Ìwé tó bá dé lọ́jọ́ Sátidé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹ̀rọ rẹ bá dákú lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pè mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá sáré gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Atẹ̀wé kan wà tó ń sọ fún mi pé "ó ti wà lórí ẹ̀rọ" títí ilẹ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeé fi ṣú, nígbà tí kò tíì ṣe pílétì pàápàá, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀. N kò padà síbẹ̀ mọ́.

Kí o tó tẹ ohunkóhun, fún mi ní ẹ̀dà àyẹ̀wò lórí bébà gan-an. Àwòrán orí WhatsApp kò tó. Ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀. Íǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ tìrẹ ń lò: cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú. Búlúù tó ń tàn yanran lójú fóònù kì í jáde bẹ́ẹ̀, àgàgà lórí bọ́ǹdì, bébà tí kì í dán, tó ń fa íǹkì mu. Bí ẹbí bá ti yan àwọ̀ ìwé kó lè bá aṣọ ẹbí mu, àfi kí wọ́n rí i lórí bébà kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni orúkọ àti oríkì. Àwọn ọmọ á jókòó, wọ́n á bi àgbà ilé, wọ́n á kọ oríkì ìyá wọn pẹ̀lú àmì gbogbo. Nígbà tí ìwé bá jáde, àpótí kéékèèké ló máa wà níbi tí ẹ, ọ àti ṣ yẹ kó wà. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́, tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe é kò sí lórí tìrẹ ni. Ní kí wọ́n fi PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́, kí o sì kà á, kí o fi wé ìwé àfọwọ́kọ wọn. Atẹ̀wé tó bá ń ka oríkì oníbàárà rẹ̀, mi ò lè fi í sílẹ̀ láé.

Bí mo bá mú ojú ìwé 22 wá, tí a fẹ́ gún un ní píìnì láàárín, sọ fún mi pé mẹ́rin-mẹ́rin ló ń lọ, pé yóò di 24, kí a lè wá fọ́tò fi dí àyè tó kù. Bí mo bá ní kí èèpo jẹ́ káàdì 300 gíráàmù, kìlọ̀ fún mi pé yóò fọ́ lójú ìṣẹ́po bí ẹ kò bá fi ẹ̀rọ tẹ ojú ìlà rẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ̀dà tí mo fẹ́ kò bá pọ̀, má fi sórí offset, ẹ̀rọ ńlá tó ń lo pílétì: pílétì àti ìmúrasílẹ̀ á gbé owó ẹyọ kan ga.

Ní ti owó, mo mọ̀ pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ bébà wa ti ń wá. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Jẹ́bà, Ìwópìn àti Oku Iboku, síbẹ̀ dọ́là ló ṣì ń sọ iye tí ẹ ń ra bébà. Nítorí náà, kọ ọjọ́ tí iye tí o dá máa parí sí, gba owó bébà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí a bá fẹnu kò, kí o sì rà á lọ́jọ́ náà. Ka owó dísù jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀. Àfikún tó bá dé lẹ́yìn tí a ti jọ fọwọ́ sí i ló ń ba àárín jẹ́.

Bí o bá fẹ́ gbé apá kan iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, kò burú, àwọn ará Ṣómólú pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣáà sọ fún mi, má sì ní kí n lọ bá onílamination, ẹni tó ń lẹ ọ̀rá mọ́ èèpo, jà bí ọ̀rá náà bá wú. Bí mo bá ní 500, kó 500 tó pé wá, tí o ti ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò.

Ìjọ wa fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà tó ń bọ̀. Bí o bá lè mú àpẹẹrẹ bébà oríṣi méjì tàbí mẹ́ta wá, pẹ̀lú iṣẹ́ kan tí o ti tẹ̀ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, màá bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ kí a tó gbé e lọ sí Ìbàdàn.