Lóònù Akẹ́kọ̀ọ́: Ṣé Kí Ọmọ Mi Gbà Á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin rí àdímíṣọ̀n sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀, inú wa dùn títí a fi rí owó tí wọ́n ní kó san. Ata ni mò ń tà, bàbá wọn ò sì sí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká má sún mọ́ lóònù ìjọba, pé wọ́n máa bèèrè onídùúró, pé tọ́mọ ò bá ríṣẹ́ èmi ni wọ́n máa wá mú. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire mà, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́ o, òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2023 béèrè onídùúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi òfin tuntun rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, onídùúró ti kúrò níbẹ̀. NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti ti àdímíṣọ̀n lọmọ máa fi forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì NELFUND, àjọ ìjọba tó ń bójú tó lóònù yìí, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ pé ó fẹ́ bá yín ṣe é. Owó iléèwé á lọ tààrà sí àkáǹtì iléèwé, ó sì lè bèèrè 20,000 náírà lóṣooṣù tí wọ́n á máa fún òun fúnra rẹ̀ fún oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Kò lélé. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sìnrúùlú tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, tí kò bá sì tíì ríṣẹ́, á lọ búra sí i, á ní kí wọ́n sún un síwájú. Orúkọ tiẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe tiyín.

Kó gbà á, mà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí gbèsè ni. Ọmọ olówó á jáde láìjẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ọmọ aláta á jáde pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí. Láti ọdún 1993 títí di ọdún 2025 nìjọba fi gba owó orí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnnì, òun ni TETFund, àjọ ìjọba tó ń ná owó náà sórí iléèwé gíga, fi kọ́lé, tó fi rán olùkọ́ lọ kàwé, ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì tí gẹnẹrétọ̀ ń mu ò sí níbẹ̀, orí ọmọ tálákà niléèwé ń gbé e lé. Lóònù ń bá yín san owó yẹn ni, kò dín in kù. Ìjọba ló yẹ kó gbé e.

Tẹ́ ẹ bá ti yá owó san kí ti NELFUND tó dé, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì bèèrè owó yín padà lọ́wọ́ iléèwé, ẹ̀tọ́ yín ni.