Ta Ló Yẹ Kó Bá Wa Parí Ìjà Ilé Bàbá Wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ mẹ́fà ni bàbá wa bí: ìyá mi bí mẹ́rin, ìyàwó kejì bí méjì. Wọ́n fi ilé kan tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sílẹ̀ n'Ìjẹ̀bú-Òde, wọn ò ṣe ìwé ìhágún. Ìjà ti dé báyìí. Àbúrò bàbá wa ní àwọn á parí ẹ̀, àmọ́ àwọn náà ló ń gba owó ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní ká lọ bá bàbá kan nínú regbéregbé bàbá wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu. Ta ni ká mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìlàjà lé àbúrò bàbá yín lọ́wọ́. Mi ò pè wọ́n lólè o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tiẹ̀ sọ òótọ́ lórí owó ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ ìyá kejì ò ní gbà wọ́n gbọ́. Ẹ pè wọ́n wá síbi ìpàdé, kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ owó dání.

Bàbá regbéregbé yẹn wù mí, bí wọ́n bá lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò lára onílàjà nìyẹn. Mo bá ẹbí kan ní Rẹ́mọ parí ìjà ogún nígbà kan. Obìnrin kan taku pé ṣọ́ọ̀bù iwájú lòun fẹ́, òun ò gba òmíràn. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí la fi wákàtí méjì sọ. Nígbà tí mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yọ ọ̀rá kan nínú báàgì ẹ̀: rísíìtì ọsibítù bàbá wọn, ti oṣù méje, ó fi rọ́bà dì í. Òun nìkan ló san án, ẹnì kan ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Mo gbàyè lẹ́nu ẹ̀, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń ṣí i níkọ̀ọ̀kan, kò lè sọ̀rọ̀. A ò gbọ́ ṣọ́ọ̀bù iwájú mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ wo ẹnu bàbá regbéregbé yẹn pẹ̀lú. Bí ohun tí ẹ bá wọn sọ láàárọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ ìyá kejì kó tó di alẹ́, ẹ wá ẹlòmíì. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Ó sì yẹ kí wọ́n mọ àṣà ogún. Ní ìdí-igi, iye ìyàwó ni wọ́n fi ń pín in: ìdajì ni ti ọmọ mẹ́rin, ìdajì ni ti ọmọ méjì. Ní orí-ò-jorí, iye ọmọ ni wọ́n fi ń pín in: ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba ìdá kan nínú mẹ́fà. Lọ́dún 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, sọ pé ìdí-igi ni àṣà, ṣùgbọ́n olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá wà lórí bí wọ́n ṣe máa pín in. Onílàjà gidi á ṣàlàyé méjèèjì fún yín, á wá jẹ́ kẹ́ ẹ mú èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Ẹ má fi ìpàdé sí ọ̀sẹ̀ Iléyá torí pé gbogbo yín wà nílé. Àlejò Ojúde Ọba á kún ilé, ara á ti rẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ kékeré á sì di ńlá. Kó tó dìgbà náà, ẹ jẹ́ kí owó ṣọ́ọ̀bù máa wọ àkáǹtì kan tí ọmọ kan láti ọ̀dọ̀ ìyá kọ̀ọ̀kan á jọ máa fọwọ́ sí.