Láti Ìpẹru sí Àbújá, báwo ni bàálù ṣe máa pẹ́ tó lójú ọ̀run?

Ẹ kú ìbéèrè. Pápákọ̀ òfuurufú Gateway, tó wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ, jìnnà sí ti Nnamdi Azikiwe ní Àbújá tó nǹkan bíi 460 kìlómítà tí a bá fa ìlà tààrà láàárín wọn. Bàálù ńlá máa ń lò tó ìṣẹ́jú 50 sí wákàtí kan.

Ẹ lè rò ó pé, bàálù tó ń sá 800 kìlómítà ní wákàtí kan, ṣé kò yẹ kó débẹ̀ ní ìṣẹ́jú 35? Ì bá rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé eré yẹn ló ń sá látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ó ní láti gòkè díẹ̀díẹ̀, kó yí orí sọ́nà, kó sì dín eré kù kó tó balẹ̀. Ọ̀nà yìí kúrú débi pé kò ní pẹ́ tó gòkè tán tí á tún fi máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò tíì mu omi inú ife yín tán tí wọ́n á fi ní kí ẹ de bẹ́líìtì yín padà.

Ọ̀nà orí ilẹ̀ ju 600 kìlómítà lọ tí ẹ bá gba Ọrẹ, Benin àti Lọ́kọ́ja, odindi ọjọ́ kan sì ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ó kéré tán wákàtí kan àtààbọ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ìwé àti ẹrù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ tún fi sùúrù kún un, torí kùrukùru máa ń dá bàálù dúró.