Má wa lọ́rì sọ́jà náà wálé

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o rí lọ́rì sọ́jà Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní M35A2, ti ọdún 1971, ní ọjà gbàǹjo ẹrù ìjọba, pé ìrìn wákàtí mẹ́ta ló wà sí ilé rẹ ní Texas níbí, pé ẹni tó ń tà á ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ geerege. O wá ń bèèrè bóyá kí o wà á wálé fúnra rẹ, àbí kí o san owó fún ẹni tí yóò fi tírélà gbé e. Ní ìsàlẹ̀, o tún bèèrè irú bátìrì tí o máa rà sí i. Ti bátìrì kò le. Ti àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí o fìdí balẹ̀ gbọ́, torí pé èmi náà wa tèmi wálé. Mo fẹ́ wà á wálé ni kí n wí, torí kò délé lọ́jọ́ náà.

Ọdún 2016 ni mo ra tèmi, ti ọdún 1968. Má bi mí léèrè ohun tí ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston fẹ́ fi ọkọ̀ sọ́jà ṣe. Ìyàwó mi ti bèèrè títí ó ti sú u. Bàbá mi wa Bedford nígbà ayé wọn, orí àpò gàrí lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn ni mo ti máa ń sùn láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Oyíngbò, òórùn dísẹ́ẹ̀lì kò sì tíì kúrò nímú mi títí di òní. Ìyẹn ti tó fún àlàyé.

Ẹni tó ta tèmi náà ní ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Kò purọ́. Ẹ́ńjìnnì kì í sábà jẹ́ ìṣòro àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, ó lè mu kẹrosíìnì, ó lè mu epo ọkọ̀ òfuurufú, kódà wọ́n ṣe é kí ó lè mu bẹntiróòlù bí ogun bá le. Bíréèkì ni kí o bèèrè. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń kọ ọ́ sí ojú ìwé gbàǹjo pé bíréèkì ń ṣiṣẹ́, àwọn náà mọ ìdí.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí o bá tẹ pẹ́dà, òróró bíréèkì ni ẹsẹ̀ rẹ ń tì. Afẹ́fẹ́ tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ẹ́ńjìnnì fún pọ̀ sínú táǹkì ló ń ran ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́, nípasẹ̀ ohun kan bí àgbá kékeré lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní airpack. Títí dé ibí, ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òróró kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ibi tí bíréèkì wà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Camry tí o ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní ọ̀nà méjì, bí ọ̀kan bá jò, èkejì á dá ọ dúró. Èyí kò ní. Bí rọ́bà kékeré kan tó ń di òróró mú bá ya ní ẹsẹ̀ táyà ẹ̀yìn pátápátá, ti iwájú náà ti lọ nìyẹn. Èyí tó wá burú jù ni pé gééjì inú ọkọ̀ kò ní sọ fún ọ. Afẹ́fẹ́ ni gééjì yẹn ń wọ̀n. Afẹ́fẹ́ lè kún dẹ́nu kí òróró má ku ẹ̀kán kan. Mo fi ojú ara mi rí i.

Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù Kẹjọ, oòrùn ń jó bí iná. Mo bọ́ sí Highway 36 ní Temple, mo kọjá Cameron, mo kọjá Milano. Máìlì 45 ni mo ń sá ní wákàtí, torí pé 56 ni àwo irin inú ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní kí a má kọjá. Àwọn ọmọdé ń juwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀ àwọn òbí wọn. Orí mi wú. Mo ti tẹ bíréèkì bí ìgbà mẹ́ta lójú ọ̀nà, ó sì mú. Nígbà tí mo ń wọ Caldwell, mo rí iná pupa níwájú, mo rí píkọ́ọ̀pù kan tó fa ilé ẹṣin sẹ́yìn tó dúró síbẹ̀. Mo tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ lọ ráúráú, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹrẹ̀ ni. Mo wo gééjì, ó wà ní 110. Bí a bá ní ká gba ti gééjì, kò sí ohun tó ń ṣe mí.

Mo fa bíréèkì ọwọ́. Bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ yìí kì í mú táyà o. Dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni, lára ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, wọ́n sì ṣe é fún ọkọ̀ tó ti dúró tẹ́lẹ̀. Èéfín sọ, gbogbo inú ọkọ̀ ń rùn bí àkísà tó ń jó, ṣùgbọ́n irin tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́fà kò rí ti èéfín rò. Mo já gíà láti márùn-ún sí mẹ́rin, láti mẹ́rin sí mẹ́ta, ó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ pa. Ẹṣin yẹn yí ojú padà, ó wò mí láti ojú fèrèsé ilé rẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ojú ẹṣin yẹn. Mo yí sítíárìn sí ọ̀tún, mo bọ́ sínú kòtò koríko, mo la wáyà oko olóko já, mo sì dúró láàrin màlúù. Mi ò sọ̀kalẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ọwọ́ mi kò fẹ́ tú kúrò lára sítíárìn.

Olóko náà ṣe ènìyàn. Ó bu omi fún mi, ó sì gba 600 dọ́là fún wáyà rẹ̀.

Rọ́bà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá òsì, èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá, ló ya. Ọkọ̀ náà ti dúró sójú kan fún ọdún púpọ̀, rọ́bà ti gan. Ibi tí wọ́n ń bu òróró bíréèkì sí kò sí lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì níbi tí ojú á ti rí i. Abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ló wà, lábẹ́ ìdérí irin kékeré kan nínú ilẹ̀ ọkọ̀, ó sì kéré bí ife tíì. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi náà kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yẹ òróró ẹ́ńjìnnì wò, mo yẹ omi rédíétọ̀ wò, mo rò pé mo ti gbọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mẹ́káníìkì dé, ẹni tó ní òun ti tún ọkọ̀ ńlá ṣe fún ọgbọ̀n ọdún. Mo ní, ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, DOT 5 ni àwọn sọ́jà ń lò nínú èyí, silikóònì ni. Ó ní òróró bíréèkì ni òróró bíréèkì, ó da DOT 3, irú mìíràn tí kì í ṣe silikóònì, sí i. DOT 3 àti DOT 5 kì í pò, àbúrò. DOT 3 a máa fa omi mọ́ra, silikóònì kì í fà á, omi tó bá rí ọ̀nà wọlé á kàn jókòó sí ìsàlẹ̀ máa jẹ irin. Oṣù méjì kò pé tí pẹ́dà tún fi rọ̀. Mo tú gbogbo rẹ̀ fúnra mi lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fọ páìpù, mo pààrọ̀ rọ́bà àti hóòsì, mo da DOT 5 nìkan sí i. Sọ́kẹ́ẹ̀tì íńṣì 3 ni mo rà tí mo fi lè tú nọ́ọ̀tì ńlá ara họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ táyà, kí dúrọ́ọ̀mù tó jáde. Bí o bá ń da silikóònì, má mi agolo rẹ̀, rọra dà á. Afẹ́fẹ́ tó bá wọ inú rẹ̀ kì í tètè jáde, wàá máa rò pé rọ́bà mìíràn tún ti ya. Ìwé tí àwọn sọ́jà fúnra wọn fi ń tún un ṣe wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wá TM 9-2320-361, èyí tó parí sí 10 jẹ́ ti awakọ̀, 20 jẹ́ ti mẹ́káníìkì. Mo tẹ ojú ewé bíréèkì jáde, mo gbé e fún ọ̀gá ọlọ́gbọ̀n ọdún yẹn. Kò kà á.

Ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ ńkọ́? O kò bèèrè, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní SF 97. Òun ni ìjọba àpapọ̀ fi ń jẹ́rìí pé àwọn ti yọ̀ǹda ọkọ̀ náà, òun lo sì máa gbé lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fún ọ ní ìwé pé ìwọ lo ni ọkọ̀ náà. Bí kò bá sí nínú gbàǹjo náà, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ pé inú igbó nìkan ni wọ́n ta ọkọ̀ náà fún, yára sá. Tèmi wà lọ́wọ́, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ sí ọ́fíìsì. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní kọ̀ǹpútà òun kò gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ kò tó 17. Mo ní, màámi, ọdún 1981 ni nọ́ńbà ojú 17 bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ yìí ti dé ayé ṣáájú. Ó ní kí n lọ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ilé iṣẹ́ wo? Mo wò ó, ó wò mí. Ní ìgbà kẹrin, ọmọkùnrin kékeré kan ló wà níbẹ̀, ó ṣe é tán láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún ní òun fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Gbogbo ìsinmi ọdún mi tí mo fi dúró lórí ìlà kò padà mọ́.

Láísẹ́ńsì tìrẹ tó o. Ó di ìgbà tí ìwọ̀n tí wọ́n fún ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù bá lé ní pọ́n-ùn 26,000 kí wọ́n tó béèrè ti awakọ̀ tírélà, èyí kò dé bẹ̀. Ti ìńṣọ́rénsì, wá àwọn tó ń ṣe ti ọkọ̀ àtijọ́, àwọn yòókù á kàn pa fóònù mọ́ ọ létí.

Táyà! Mo fẹ́ gbàgbé, èyí sì lè pa ènìyàn ju bíréèkì lọ. Rímù M35A2 kì í ṣe ẹyọ kan. Ríìngì irin kan ló di táyà mú síbẹ̀. Bí ríìngì yẹn kò bá jókòó dáadáa tí o sì ń fún táyà ní afẹ́fẹ́, ó lè fò jáde bí ọta. Nígbà tí mo wà ní kékeré, fọganáísà bàbá mi a máa fi ọ̀pá irin kọ́ ihò rímù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, á ní kí gbogbo àwa ọmọdé sún lọ sí ẹ̀yìn odi. A rò pé ó kàn ń fi wá ṣeré ni. Ṣọ́ọ̀bù táyà tó wà ládùúgbò rẹ níbí, àwọn ọmọ ọdún 20 tó wà níbẹ̀ lè má rí ríìngì rí láyé wọn. Béèrè bóyá wọ́n ní àgò irin tí wọ́n ń gbé irú táyà bẹ́ẹ̀ sí kí wọ́n tó fún un. Bí wọn kò bá ní, gbé táyà rẹ kúrò níbẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù lu ríìngì tí afẹ́fẹ́ wà nínú táyà rẹ̀. Kí o tó tú táyà náà pàápàá, yọ irin kékeré inú fáàfù (valve core), kí afẹ́fẹ́ tán pátápátá.

Bátìrì: méjì, fóòtì 12 kan, fóòtì 12 kan, o so wọ́n tẹ̀lé ara wọn kó di fóòtì 24. Kí wọ́n jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Wáyà ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù, èyí tó ní àmì (−), ni kí o kọ́kọ́ tú. Má ṣe ohun tí èmi ṣe, tí mo fa wáyà rédíò láti ara ẹyọ kan nínú méjèèjì, torí ẹyọ kan náà á máa rẹ̀, èkejì á máa hó, méjèèjì á sì kú. Òróró, fílítà, gíríìsì, o mọ ìyẹn.

Ó wá ku ohun tí o bèèrè gan-an. Má wà á. San owó tírélà. Má sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé píkọ́ọ̀pù òun á fà á, ọkọ̀ yìí nìkan láìsí ẹrù wọ̀n tó pọ́n-ùn 13,000, kí a tó ka tírélà tó máa gbé e. Ẹni tó ń gbé katapílà ni kí o pè. Èmi rò pé 900 dọ́là owó tírélà ti pọ̀ jù lọ́jọ́ tí mo ra tèmi. Mo san 600 fún wáyà, mo sì tún padà san 900 yẹn láti gbé e kúrò láàrin màlúù.

Kí o tó sanwó gbàǹjo, ní kí wọ́n ya fọ́tò àwo irin ara dáṣíbọ́ọ̀dù fún ọ, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn ketekete, kí o fi wé ti SF 97 náà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀rẹ́ mi kan fi 3 ní ibi tí ó yẹ kí 8 wà. Ó ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì.